AV1 rèé o, mo ti lò ó fún oṣù mẹ́jọ

Fídíò òde ni mo ń yà n'Ìbàdàn, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, háàdì dísíìkì mi sì ti kún fọ́fọ́. Àmọ́ ká sòótọ́, kì í ṣe àyè ló gbé mi dé ìdí AV1, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó má gba àyè. Oníbàárà kan ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé "Bọ̀dá, fídíò ìgbéyàwó mi ò ṣí o, láptọ́ọ̀pù ní kí n lọ sanwó kí n tó lè wò ó." Sanwó kẹ̀? Fídíò tó ti sanwó ẹ̀ fún mi tán! H.265, ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò mìíràn, ni mo fi gbé e jáde, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, ẹ sanwó fún ìdílé kan tán, ìdílé kejì á tún dé. Bí H.265 ṣe rí nìyẹn, ó jáde ní 2013, ẹgbẹ́ tó ti dìde láti gbowó lórí ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣí i ni wọ́n ti ń gbà á, àwọn yẹn náà á wá yíjú sí ẹ.

Ní ti AV1, Google, Mozilla, Netflix, Amazon, Intel, Microsoft àti Cisco ló para pọ̀ dá Alliance for Open Media sílẹ̀ ní 2015, AV1 wọn jáde ní 2018, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni máa lò ó láì san kọ́bọ̀. Àwọn kan ṣì ń pariwo pé àwọn náà ní ìpín níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn mi.

Áàpù HandBrake ni mo fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ mú SVT-AV1 níbi video encoder, ẹ fi preset (nọ́ńbà ìyára, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń lọ́ra tó) sí 6. Fídíò ijó ogójì ìṣẹ́jú kan tó jẹ́ 3.8GB ní H.264 (èyí tó ṣáájú H.265) di 1.4GB. Mo sì wò ó fínnífínní torí fídíò òde tiwa yìí ò rọrùn fún codec (ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò) kankan, owó ń fò, gèlè ń dán, iná aláràbarà ń yí kiri. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi RF (bó bá ṣe ga tó ni àwòrán ṣe ń dín kù tó) sí 38, òkúta ara léèsì ìyá ìyàwó yọ́ pọ̀ bí ẹ̀kọ! Mo dá a padà sí 28, mo lè kà á níkọ̀ọ̀kan.

Ibi tó ti máa bí yín nínú ni pé ó lọ́ra. Mo fi preset 4 ṣe iṣẹ́ kan mọ́jú, fáànù láptọ́ọ̀pù ń ké bíi jẹnẹrétọ̀, ó dé 87% ni wọ́n múná lọ, bátìrì tèmi sì ti kú tipẹ́, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Látọjọ́ yẹn 6 tàbí 8 ni, mi ò fẹ́ wàhálà.

Fóònù tó ti pẹ́ náà ò fẹ́ràn ẹ̀, kò sí ẹ̀yà ẹ̀rọ tó wà fún ṣíṣí i nínú wọn (iPhone gan-an, orí 15 Pro ti 2023 ló ti bẹ̀rẹ̀), áàpù VLC tí wọ́n fi ń wo fídíò á ṣí i fún yín ṣá, àmọ́ fóònù á gbóná bíi mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Torí náà èyí tí màmá ìyàwó máa wò, H.264 ni mo ṣì ń fún wọn. AV1 ni mo fi ń tọ́jú tèmi. Háàdì dísíìkì 2TB tí mo ti ko owó ẹ̀ jọ látọdún tó kọjá, mi ò tíì rà á.