Mílíìkì sóyà àti awara ìgboro Àbújá: iná ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ fi họ́mọ̀nù sílẹ̀

Kò sí ẹni tó ń ra mílíìkì sóyà oníke ní Garki, Nyanya tàbí Kubwa tí kò tíì gbọ́ ọ rí: "Má mu ún o, á mú ọmú hù láyà ọkùnrin." Ẹ jẹ́ ká yanjú ìyẹn ná, torí ibòmíràn ni ọjà yìí ti ń ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Lóòótọ́, sóyà ní isoflavone nínú, tó fara jọ ẹ́sítírójìn, họ́mọ̀nù obìnrin. Ife mílíìkì kan tó ki dáadáa lè ní bíi mílígíráàmù 25. Lẹ́yìn ọdún 1940, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, àgùntàn tó ń jẹ koríko clover bẹ̀rẹ̀ sí í yàgàn. Equol, èròjà kan tó fara jọ ẹ́sítírójìn tí ara wọn ń rí nínú koríko náà, ló fà á. Ní 1982, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kenneth Setchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí equol yìí kan náà nínú ìtọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ló ń ṣe é, gbogbo èèyàn kọ́ ló sì ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Agbára isoflavone kéré jọjọ sí ti ẹ́sítírójìn tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2010 kò rí i pé ó ń dín họ́mọ̀nù ọkùnrin kù. Ìròyìn ọkùnrin kan tí ọmú rẹ̀ wú jáde ní 2008, àmọ́ bíi líta mẹ́ta ló ń mu lójúmọ́. Nígbà tó jáwọ́, ọmú náà padà sípò. Líta mẹ́ta yẹn, ike oní-50cl mẹ́fà ni. Ta ló ń mu tó yẹn nínú gosiló Nyanya?

Ẹ wá wo ìdí iná. Bí omi sóyà bá gbóná dé nǹkan bí 80 lórí ìwọ̀n Celsius, á ru gùdù dé etí ìkòkò bí ẹni pé ó ti hó. Kò tíì hó rárá, ìfófòó lásán ni. Ẹni tó ń kánjú ọjà á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Sóyà tí kò jinná ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí inú lè da púrótéènì, iná nìkan ló sì ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni tó bá mu ún bẹ́ẹ̀, inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló lè kàn. Ẹni tó mọṣẹ́ á wọ́n omi tútù sórí ìfófòó náà, á dín iná kù, á máa rò ó títí á fi hó láti ìsàlẹ̀ wá, á sì tún fi ogún ìṣẹ́jú sí i. Èyí tí kò jinná máa ń rùn bí ewé tútù, ó sì máa ń ha ọ̀fun. Atalẹ̀ àti fànílà lè bo òórùn yẹn mọ́lẹ̀, torí náà èyí tí kò ládùn kankan ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò.

Omi náà ńkọ́? Kílò sóyà kan sí líta omi mẹ́jọ dára. Ẹ gbọn ike, kí ẹ wo ara rẹ̀: èyí tó ki á fi funfun sílẹ̀, èyí tí wọ́n bu omi là á ṣàn lọ fẹ́rẹ́. Ike tó bá ti wú, ẹ má ṣí i, ó ti kan.

Awara, wàrà sóyà díndín, la fẹ́ràn jù. Wọ́n ti sè é, wọ́n ti mú un dì, wọ́n tún dín in, kò rọrùn kó má jinná. Èyí tí wọ́n fi omi ogì kíkan mú dì máa ń rọ̀ lẹ́nu. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá pọ̀ jù a máa sọ ọ́ di fífọ́ wẹ́wẹ́. Álọ́ọ̀mù á mú un le, á sì fún ahọ́n pọ̀. Bí òróró inú agbada bá ti dúdú, ẹ kọjá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbà á gbígbóná pẹ̀lú yàjì àti àlùbọ́sà.

Máàkì wa: awara, 4 nínú 5, mílíìkì oníke, 2, títí tí ẹ ó fi mọ ẹni tó sè é. Hóró isoflavone tí wọ́n ń tà nílé oògùn kò gba máàkì kankan lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fẹnu kàn án. Ẹni tó ń lo levothyroxine, oògùn àìsàn tírọ́ìdì, kó fi wákàtí mẹ́rin sáàárín oògùn àti sóyà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fi mílíìkì ìgboro yìí dípò ọmú ìyá.