Kéréètì onírọ́bà fún ọsàn: mo ti lò ó, ohun tí mo rí nìyí

Ọsàn ni mò ń tà ní Kétu l'Ékòó, ti Bẹ́núè ló sì pọ̀ jù lórí àtẹ mi. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń da ọsàn sínú ọkọ̀ ńlá láti ọ̀nà Gboko, tí wọn ò fi nǹkan kan sí i ju koríko lọ, á mọ ìdí tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ fi ń rọ̀ kí wọ́n tó dé ọjà. Àpò tí a ń kó ti oko tòsí sí kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò kì í gbé ẹrù. Ọsàn ló ń ru ọsàn. Ohun tó mú mi ra kéréètì onírọ́bà nìyẹn, èyí tó ní ihò yíká ẹ̀gbẹ́, tó ń gba nǹkan bíi kílò 20.

Ó dára gan-an. Bí ẹ bá tò wọ́n léra, ìdí ti òkè á jókòó sórí etí ti ìsàlẹ̀, kò ní kan ọsàn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn alábàárù kó o gogoro o! Ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó yín ti wọgbó.

Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ihò wọ̀nyẹn kọjá náà ṣe pàtàkì. Ọsàn ṣì ń mí lẹ́yìn tí a bá já a, ó ń mú ooru jáde, ó sì ń pàdánù omi. Nínú àpò, àwọn ti àárín á gbóná, wọ́n á làágùn. Ọsàn kì í sì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò tó máa ń pọ́n sí i nílé: adùn tó bá ti orí igi wá náà la ní, òun la gbọ́dọ̀ ṣọ́.

Kéréètì ò lè wo ọgbẹ́ sàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rò. Ẹ wo ọsàn tó ń bu dáadáa. Ojú kan á kọ́kọ́ rọ̀ bí ẹni pé omi wọ̀ ọ́, funfun á hù lé e, àwọ̀ ewé á sì yọ láàárín funfun náà. Tí ẹ bá gbọn ọsàn yẹn pẹ́nrẹ́n, eruku á fò bo àwọn yòókù. Penicillium digitatum ni àwọn onímọ̀ ń pe ìbu yìí, ojú ọgbẹ́ ló sì ń gbà wọlé. Ọsàn tí wọ́n fi gọ̀ngọ̀ já, tó já lulẹ̀ gbì, tàbí èyí tí wọ́n fà tí èèpo bá a ya nídìí, ti ṣí ilẹ̀kùn fún un látinú oko. Àlùmágàjí ni mo ní kí àwọn tó ń já tèmi máa fi gé e, kí ìrì sì gbẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí bí èèpo bá kún fún omi, epo inú rẹ̀ máa ń tú bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á sì jó ara ọsàn di àmì pupa rúsúrúsú.

Àwọn kan tí mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní rọ́bà mímú nínú igun, ó sì ń ha ọsàn lára. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi ìka yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ẹ tún máa fọ̀ ọ́ o: ọṣẹ, omi bílíìṣì, kí ẹ sá a sóòrùn, torí eruku ìbu yẹn máa ń dúró sára rẹ̀ de ọsàn tuntun.

Owó rẹ̀ ń ta ni lára, òfìfo rẹ̀ sì ń gba àyè nínú ọkọ̀ bí ẹni pé ó kún. Irú èyí tó ń wọnú ara wọn ni kí ẹ bèèrè fún. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tán lóòjọ́ lè máa lo agbọ̀n tirẹ̀ lọ, àmọ́ bí ọsàn yín bá máa sùn lójú ọ̀nà, kéréètì ni kí ẹ rà.