Òdòdó Ẹ̀yẹ Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun ní Òṣogbo: Èyí Tó Ń Dúró àti Èyí Tó Ń Ṣubú

Kí ọdún tuntun tó wọlé ni ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ ti máa ń wá òdòdó ẹ̀yẹ roboto kiri Òṣogbo nítorí Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù Kínní. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òdòdó orí pósí ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà. Ó lè rẹwà gan-an nínú ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ kó lè sùn gbalaja ni wọ́n ṣe ṣe é. Ti ọjọ́ ìrántí kì í sùn. Ẹnì kan ló máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé e rìn lójú gbogbo èèyàn, á gbé e kalẹ̀ níwájú ibi ìrántí, á sún sẹ́yìn, bó bá sì jẹ́ ológun, á kí i ní kíkí ológun. Lẹ́yìn gómìnà, àwọn tó kù ṣì ń bọ̀: àwọn ọ̀gá ọmọ ogun àti ọlọ́pàá, àwọn lọ́balọ́ba, àwọn bàbá wa nínú Nigerian Legion, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, àti aṣojú àwọn opó. Bí òdòdó bá ti dojú bolẹ̀ kí opó tó dé ìdí rẹ̀, ìtìjú ni fún ẹni tó ṣe é àti ẹni tó rà á. Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fi wọn èyí tó wà lọ́jà: ṣé ó ṣeé gbé, ṣé ó ń dúró, ṣé èèyàn lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀?

Oṣù Kínní fúnra rẹ̀ kò bá òdòdó ṣọ̀rẹ́. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni Nàìjíríà ń ṣe ìrántí yìí tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, torí ọjọ́ yẹn ni ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní lọ́dún 1918. Lẹ́yìn tí Biafra túúbá ní Dodan Barracks l'Ékòó ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní 1970 ni wọ́n gbé e wá sí ọjọ́ tó wà yìí. Ní oṣù Kọkànlá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, ewé ṣì kún fún omi. Ní oṣù Kínní, ọyẹ́ ti dé, òdòdó tí wọ́n gé láàárọ̀ sì lè ti rọ kó tó di ọ̀sán. Hibiscus ló burú jù, torí kódà lórí igi rẹ̀, ọjọ́ kan ló ń lò.

Oríṣi àkọ́kọ́ tí wọ́n á gbé wá fún yín ni ti fóòmù, fóòmù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń gún òdòdó mọ́. Fún inú gbọ̀ngàn, ó dára. Fún ìta gbangba, a kò gbà yín níyànjú. Omi ló ń mú un wúwo, omi yẹn náà ló sì ń kán sára agbádá funfun ẹni tó gbé e. Bí wọ́n bá gbé e nàró, fóòmù á máa rún, òdòdó á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe míì tún wọ́pọ̀: oníṣẹ́ á fi ọwọ́ ti fóòmù wọ omi kó lè tètè rin. Ara òde rẹ̀ nìkan ló ń rin bẹ́ẹ̀, àárín rẹ̀ á gbẹ táútáú, bó bá sì ti gbẹ lẹ́ẹ̀kan, kì í fẹ́ fa omi dáadáa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó dandan, kó gbé e sórí omi, kó jẹ́ kó rì fúnra rẹ̀.

Ti rọ́bà ńkọ́? Ó fúyẹ́, kì í rọ, ẹ sì lè rí i rà bó bá ku ọ̀la kí ayẹyẹ wáyé. Gọ́ọ̀mù gbígbóná tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ni àléébù rẹ̀, torí ó ń rọ̀ nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Fífúyẹ́ rẹ̀ náà tún jẹ́ wàhálà, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń gbé e dànù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, eruku á ti bò ó, á wá di pàǹtí sí ibi tó yẹ kó mọ́.

Èyí tí a fọwọ́ sí ni ti ewé pèrègún lórí irin. Wẹ́dà àdúgbò yín ló máa ṣe irin rẹ̀. Ẹ ní kó fi rọ́ọ̀dù mìlímítà 6 ká òbìrípo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 20, kó jó ẹsẹ̀ méjì mọ́ ọn níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ti ẹ̀yìn gùn díẹ̀ kó lè fẹ̀yìn tì í. Ibi tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń ṣe é sódì ni pé wọ́n ń pa ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì mọ́ra jù. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ tó ìbú òbìrípo náà. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ táìlì, ẹ gé tíúbù kẹ̀kẹ́, kí ẹ fi bọ ẹsẹ̀ irin náà kó má bàa yọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ so àpò iyanrìn kékeré kọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí ojú kò ti ní rí i.

Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó sanwó irin yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ewé nìkan lẹ ó pààrọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi sàn fún ẹ̀ka Legion tàbí ilé ẹ̀kọ́ ju kí wọ́n máa ra tuntun lọ́dọọdún.

Pèrègún kò wọ́n. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àti ní ààlà ilẹ̀ káàkiri ìlú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó gé e, kí ẹ má sì dé inú igbó Ọ̀ṣun rárá: gígé igi tàbí ewé níbẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, ibi àjogúnbá àgbáyé sì ni láti ọdún 2005. Ewé àárín igi ni kí ẹ mú. Ti ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n, ti òkè sì rọ̀ jù. Àádọ́rùn-ún ewé máa tó fún òbìrípo íǹṣì 20. Ẹ gé e ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14, kí ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ inú bàkẹ́ẹ̀tì omi mọ́jú. Bí ẹ bá fo èyí, egungun àárín ewé á dá nígbà tí ẹ bá ń ká a. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ara rẹ̀. Àwọn kan ń fi òróró pa á kó lè máa dán. Ẹ má dán an wò, òróró yẹn ló ń kó eruku ọyẹ́ jọ.

Ní kùtùkùtù, ẹ ká ewé kọ̀ọ̀kan, kí ṣóńṣó rẹ̀ padà wá bá ìdí rẹ̀. Ẹ di mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀, ẹ fi wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin wé e mọ́ òbìrípo náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìdì tó tẹ̀ lé e bo ìdí èyí tó ṣáájú. Íǹṣì méjì-méjì ni kí ìdì kọ̀ọ̀kan fi jìnnà síra, ojú kan náà ni kí gbogbo wọn sì kọ sí. Ẹ tẹ ṣóńṣó wáyà gbogbo wọnú, torí wáyà tó yọ síta lẹ́yìn ló ń ya apá agbádá. Lápá ọ̀tún àti òsì, ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn fún ẹni tó máa gbé e. Òdòdó ixora pupa bíi ìdì méjìlá, tí wọ́n gé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ kó wọn jọ sí ìsàlẹ̀, lápá kan ṣoṣo. Ó ń fa ojú ju kí ẹ fọ́n wọn ká lọ.

Àwọn kan fẹ́ràn màrìwò nítorí Ògún. A mọyì ìdí rẹ̀, àmọ́ ọyẹ́ á ti ká a kò ká tó di ọ̀sán. Ìrántí yìí sì jẹ́ ti gbogbo ẹlẹ́sìn, torí wọ́n ń gbàdúrà Jímọ̀ fún un ní mọ́sálásí, wọ́n sì ń ṣe ìsìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Pèrègún ò ní kọ ẹnikẹ́ni lóminú.

Ríbọ́ọ̀nù oníṣátíìnì íǹṣì mẹ́rin ló tọ́. Ẹ lè lo àwọ̀ ewé àti funfun, tàbí pupa, búlúù dúdú àti búlúù ojú sánmà tó dúró fún àwọn ọmọ ogun orílẹ̀, ti omi àti ti òfurufú. Ibi káàdì ni ìdùnnú tàbí ìbànújẹ́ ẹbí ti ń wá. Bí ẹ bá kọ orúkọ olóògbé síbẹ̀, ipò rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun ló ṣáájú, kí ẹ sì fi han ẹbí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Opó tó bá rí i pé wọ́n ti sọ sájẹ́ǹtì di kọ́púrà, ọgbẹ́ ọkàn tuntun ni wọ́n dá sí i lára, irú rẹ̀ kò sì yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹ má fi báírò kọ ọ́, ìrì ń fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó èyí tí ẹni tó dúró ní mítà méjì lè kà. Ẹ yẹ àmì ohùn orí Yorùbá wò ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kí ẹ tó sanwó, torí wọ́n máa ń já a sílẹ̀.

Bí owó bá ṣẹ́kù, báàjì ìrántí ni kí ẹ fi rà, torí àwọn tó fẹ̀yìn tì àti ẹbí àwọn tó kú ni owó rẹ̀ wà fún. Àyà òsì ni wọ́n ń fi sí. Lára agbádá, ẹ gún un mọ́ ibi iṣẹ́ ọnà tó nípọn. Bí ẹ bá gún un mọ́ aṣọ lásán, á dorí kodò kí wọ́n tó fun Last Post, fèrè tí àwọn ológun fi ń bu ọlá fún àwọn tó kú, tán.