Sáfà kejì wà láàyè, ó kọ̀ kò gbaṣẹ́: ohun tí ojú wa rí ní Ṣómólú

Ìlérí kan ṣoṣo la fowó rà: bí sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo wa, bá kú, èkejì á gbaṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, àwọn dísáínà ò tiẹ̀ ní mọ̀. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí a ń parí ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan, èyí àkọ́kọ́ kú. Èkejì wà níbẹ̀, iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kò gba nǹkan kan.

Ilé ìtẹ̀wé ni tiwa. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé a kì í sọ fún oníbàárà pé kó padà wá lọ́la, torí ilé ìtẹ̀wé mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Power supply, ohun tó ń gbé iná fún sáfà àkọ́kọ́, ló jóná. Òórùn rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́. CorelDRAW tí àwọn dísáínà fi ń ṣiṣẹ́ dúró gbagidi lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ olóògbé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò wá. Ọ̀la ni àìsùn.

Mo pe nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún wa ní ká máa pè tọ̀sán-tòru.

"Ẹ káalẹ́ sà. Ṣé ẹ ti pa á, kí ẹ tún un tàn?"

"Àǹtí, ó ti pa ara rẹ̀. Ó jóná."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó wà lórí ìwé àdéhùn yín."

Inú sáfà ni ìwé àdéhùn wà. Mo sọ fún un. Ó ní láìsí nọ́ńbà, òun ò lè kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Ó wá bi mí bóyá NEPA ló mú iná lọ. Màmá tó ni ilé iṣẹ́ wa gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n sọ kò ṣeé kọ síbí.

Ìbínú Màmá ló jọ pé ó ṣiṣẹ́, torí kò pẹ́ tí ẹnjiníà wọn fi pè padà, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ ka ohun tí sáfà kejì ń sọ nípa àkọ́kọ́ fún mi." Mo kà á: UNCLEAN (offline). Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Sáfà kejì kò rí àkọ́kọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ó kú ni àbí wáyà àárín wọn ló já. Bó bá ṣe pé wáyà ló já, tí àwọn méjèèjì ń gba iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fáìlì á di oríṣi méjì, a ó sì ní láti da iṣẹ́ ọ̀kan nù. Split-brain ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, Pacemaker, ètò tó ń darí wọn, á kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gé iná mọ́ àkọ́kọ́ lórí. Ta ló ń gba àṣẹ náà? IPMI, páálí kékeré kan tó wà nínú sáfà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, tó sì ń mu iná láti ara power supply tó jóná yẹn. Àṣẹ lọ, èsì ò bọ̀. Sáfà kejì sì dúró bíi dáwódù tí kò ní jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ àfi tó bá fojú kan òkú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa wáyà iná àkọ́kọ́ yọ. Ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ búra."

Mo rẹ́rìn-ín, tìbínú-tìbínú. Ó ní kí n tẹ `pcs stonith confirm` àti orúkọ sáfà tó kú, ìyẹn ni pé èmi alára ló jẹ́rìí ikú. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, àdírẹ́ẹ̀sì tí àwọn kọ̀ǹpútà wa fi ń rí sáfà ti bọ́ sórí èkejì, fódà sì yọ. Kọ́mà kan ò sọnù nínú ohun tí wọ́n ti tọ́jú sórí rẹ̀. Ibi tí mo ti gbóríyìn fún DRBD nìyẹn, ètò tó ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì sáfà méjèèjì: ní ìlànà rẹ̀ tó ń jẹ́ Protocol C tí wọ́n tò ó sí, kò ní sọ pé òun ti kọ nǹkan àfi tó bá ti wà lórí dísìkì méjèèjì.

Ní òwúrọ̀, ẹnjiníà náà gbé power supply tuntun dé, ó gbé PDU, ohun tó ń pín iná, tó sì lè gé iná láti ìta, wá pẹ̀lú, ó fi í sí orí inverter ọ̀tọ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà kékeré kẹta kún un kí ìbò lórí sáfà tó máa gbaṣẹ́ má bàa jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó kọjú sí ògiri, ó ní kí n fa wáyà iná sáfà tó bá wù mí yọ, kí n má sọ fún òun. Mo fà á. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí iṣẹ́ fi ń lọ. Dísáínà kan rí i pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ̀ láti tọ́jú fáìlì, ó tún un tẹ̀, ó gbà. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí.

Àwọn tó rán an ni mo bá jà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́, àṣẹ ni wọ́n fi pa sáfà kí wọ́n tó patẹ́wọ́ fún ara wọn. Sáfà tí a bá fi àṣẹ pa á dágbére kó tó lọ. Èkejì á gbaṣẹ́ wẹ́rẹ́. Èyí tó bá kú lójijì kì í dágbére. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú nǹkan yìí, wáyà iná ni kí ẹ ní kí wọ́n fà yọ lójú yín. Ẹni tó wá polówó tún ní a ò nílò backup mọ́, nígbà tó jẹ́ pé fódà tí dísáínà bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan, á rẹ́ lórí èkejì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sì kọ owó "license" DRBD sínú bíìlì wa! DRBD tí LINBIT ní Vienna ń ṣe, tó ti wà nínú Linux láti 2010, ọ̀fẹ́ ni.

Máàkì mi: 4 nínú 5. Màmá ní òdo ni kí n kọ. Owó PDU tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí wa, a ò san án.