Iná gáàsì àti iná núkílíà: èwo ni kì í já wa kulẹ̀?

Ẹni tó ń ta ẹja tútù ní Ṣàgámù mọ̀ pé iná tó lọ láìròtẹ́lẹ̀ burú ju èyí tí wọ́n kéde rẹ̀ lọ. Omi á ti máa ṣàn lábẹ́ fírísà kó tó rí epo bu sí jẹnẹrétọ̀.

Ilé iṣẹ́ iná oní-gáàsì, bíi ti Olórunṣògo ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, bí gáàsì kò bá wọlé, ó dúró nìyẹn. Àmọ́ títan rẹ̀ padà kì í pẹ́.

Ti núkílíà lágbára gan-an. Oṣù 18 sí 24 ni wọ́n tó ń pààrọ̀ epo rẹ̀, àwọn ti Amẹ́ríkà sì ń mú ohun tó lé ní 90 nínú 100 agbára wọn jáde lọ́dún. Ṣùgbọ́n bó bá kú lójijì, wàhálà dé. Ooru inú rẹ̀ kò tán, omi gbọ́dọ̀ máa tù ú. Xenon-135, èròjà kan tó ń dènà iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, tó ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ sì lè má jẹ́ kó ṣeé tàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹyọ ẹ̀rọ kan ní Koeberg, ilé iṣẹ́ iná núkílíà ní Gúúsù Áfíríkà, lé ní 900 mẹ́gáwáàtì. Bí irú rẹ̀ bá kú lójijì lórí wáyà iná Nàìjíríà, tó sábà máa ń gbé 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì, gbogbo Ìjẹ̀bú lè ṣókùnkùn. Gáàsì ni mo fara mọ́ ná, títí wáyà yóò fi lágbára.