Ìsọ̀ Alhaja ẹlẹ́wé ọmọ tí mo máa ń lọ l'Ọ́jà Ọba, Ìlọrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń wá ewé àti egbò kiri Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ bá Alhaja yìí l'Ọ́jà Ọba, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ wọn.

Àbúrò mi obìnrin ló ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn síkù sẹ́ẹ̀lì. Ibi tá a ti ń ra oògùn ìbílẹ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀tù dúdú kan ni wọ́n máa ń dì sí láílọ́ọ̀nù fún wa, tá a bá bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀ wọ́n á ní "ẹ ṣáà lò ó". Ọmọ lò ó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, òru la gbé e dé ọsibítù, dókítà ní kí ló mu, a ò rí nǹkan kan sọ. Ojú tì mí gan-an.

Ti Alhaja ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ewé, èèpo, egbò, oníkálukú wà láyè ara ẹ̀, wọn kì í ta àgúnmu tójú ò mọ nǹkan tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ṣẹ́ poroporo ọkà bàbà sínú ike omi gbígbóná níwájú mi, kò pẹ́ tómi ọ̀hún fi pọ́n bíi sóbò, wọ́n ní "wò ó, èyí tí ò bá yọ báyìí, má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni".

Poroporo yìí, iyèré, kànáfùrù àti igi osùn ni NIPRD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí oògùn l'Ábújá, fi ṣe oògùn Niprisan, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sì ti gba ìmọ̀ ẹ̀. Wọ́n dán an wò lára àwọn tó ní àrùn yìí, ìrora ńlá tó máa ń dé sí wọn dín kù, lọ́dún 2006 ló jáde sọ́jà, wọ́n pè é ní Nicosan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lórí àtẹ Alhaja! Àmọ́ àwọn NIPRD wọn tiwọn níwọ̀n, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè pani lára kí wọ́n tó fún èèyàn, kì í ṣe pé kéèyàn kàn dà á pọ̀ sínú ìkòkò. Mo ní kí Alhaja bá mi po tiwa, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. "Lọ sọ fún dókítà ẹ̀ ná. Oògùn fólíìkì tí wọ́n fún un lọ́sibítù ńkọ́, ṣé ó ń lò ó?" Owó tó yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn o.

Wọn ò gba tiránsífà ṣá, ẹ mú káàṣì dání, tó bá sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ yáa tètè lọ láàárọ̀ torí wọ́n máa ń tilé lọ sí mọ́ṣáláṣí.