Cefuroxime 500 mg: oògùn tó dára, bí a bá mọ̀ ọ́n lò

Oògùn tó ń pa kòkòrò bakitéríà ni. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ran ọ̀fìnkìn. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ lò ó, ìgbà náà ni ara ń gbà á jù. Ẹ gbé e mì lódindi. Bí ẹ bá fọ́ ọ, ewúro kò tó o! Bí oníkẹ́mísì ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀, bá fẹ́ gé hóró méjì nínú káàdì rẹ̀ tà fún yín, ẹ kọ̀: ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lè wà níbi tó gé kúrò, iye yẹn kò sì lè wo àrùn tán. Ẹni tí penisílìnì ti mú ojú rẹ̀ wú rí, kó sọ kó tó sanwó. Bí ara bá sú, ẹ dá a dúró, ẹ rí dókítà. Bí ètè bá wú tàbí mímí bá nira, ó di ilé ìwòsàn OAUTHC n'Ífẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ti lo oògùn yìí tán, ẹ má fi oògùn dí i, dókítà ni kó wò ó.